Agatha Christie kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ibi tí fíìmù ti kúrò nínú ìtàn

Ṣé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Agatha Christie lóòótọ́, bí fíìmù ṣe fi hàn? Rárá o. Kò ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí láyé rẹ̀. Kò mú apànìyàn kankan, ọlọ́pàá kò sì ké sí i rí pé kó wá bá àwọn túdìí ọ̀ràn. Òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń kọ. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn èèyàn tó ti wo fíìmù Agatha and the Truth of Murder ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́ níbí. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan l'Ówódé, bọ̀dá kan ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó ní òun ti tẹ orúkọ àwọn èèyàn inú fíìmù náà wò lórí Google, òun sì bá wọn níbẹ̀ tàwòrán-tàwòrán. Ẹni tó jókòó tì í ní irọ́ gbuu ni, pé àwọn òyìnbó kàn fẹ́ fi pawó ni. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní ibi tó ti jẹ́ òótọ́.

Fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n ni. Channel 5 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde ní oṣù Kejìlá 2018, Ruth Bradley ló sì ṣe Agatha. Ọdún 1926 ni wọ́n gbé ìtàn náà sí. Aṣọ, mọ́tò, fìlà, gbogbo rẹ̀ bá ìgbà náà mu. Ìwé ò yá obìnrin náà kọ mọ́, ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ, nọ́ọ̀sì kan wá bá a, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá ẹni tó pa ọ̀rẹ́ òun. Agatha gbà. Ó pa orúkọ ara rẹ̀ mọ́, ó fi irọ́ pé ogún kan wà nílẹ̀ kó àwọn afurasí jọ sínú ilé ńlá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹnu wọn. Mi ò ní sọ bó ṣe parí, nítorí ẹni tí kò tíì wò ó.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ gidi méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn tan rárá. Òǹkọ̀wé náà sọnù lóòótọ́ lọ́dún 1926. Wọ́n sì pa nọ́ọ̀sì kan lóòótọ́ nínú rélùwéè. Okùn tó so ọ̀kan mọ́ èkejì nìkan ni ẹni tó kọ fíìmù náà hun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lórí Google á rí wọn lóòótọ́, kò sì ní mọ̀ pé okùn náà kò sí, àyàfi tó bá mọ̀ pé okùn náà ló yẹ kí òun wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ti bó ṣe sọnù. Ọdún náà kò rọgbọ fún un. Ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún ọ̀hún lókìkí gan-an, àmọ́ ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹrin, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹjọ, ọkọ rẹ̀, Archibald Christie, sọ fún un pé òun ti rí ẹlòmíràn, pé òun fẹ́ kí àwọn túká. Nancy Neele lorúkọ obìnrin náà. Ẹ fi orúkọ bàbá yẹn, Neele, sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, Agatha fi ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 sílẹ̀ nílé, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n rí mọ́tò ọ̀hún, Morris Cowley, ní Newlands Corner ní àgbègbè Surrey. Aṣọ wà nínú rẹ̀, láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín kò sí. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ọlọ́pàá àti ará ìlú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún tú igbó, wọ́n wá inú omi, ọkọ̀ òfúrufú pàápàá ń wò láti òkè. Ojú wá ń lọ sára ọkọ. Arthur Conan Doyle, ẹni tó dá Sherlock Holmes sílẹ̀, gba ìbọ̀wọ́ kan tó jẹ́ ti Agatha, ó sì gbé e lọ fún aríran kó bá òun wo ibi tó wà. Ẹ ò rí nǹkan: ẹni tó kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó lókìkí jù láyé, nígbà tí ọ̀ràn dé, ọ̀dọ̀ aláwo ló gbà lọ.

Ọjọ́ 14 oṣù náà ni wọ́n tó rí i, ọjọ́ 11 lẹ́yìn tó jáde nílé. Òtẹ́ẹ̀lì Swan Hydropathic ló wà, ní ìlú Harrogate, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara rẹ̀ le koko. Ó ti ń bá àwọn àlejò yòókù jó, ó ń gbá bíliàdì, ó ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n ti ń wá a. Àwọn olórin òtẹ́ẹ̀lì ló dá a mọ̀. Orúkọ tó sì kọ sínú ìwé àlejò? Ìyáàfin Teresa Neele, ará Cape Town. Orúkọ obìnrin tó gbà á lọ́kọ ló fi gba yàrá.

Ọkọ rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé iyè rẹ̀ ló ra, pé kò mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà. Àwọn kan ní ó fẹ́ kó ìtìjú bá ọkọ ni, àwọn kan ní ó fẹ́ kí ìwé rẹ̀ tà ni. Òun fúnra rẹ̀ sọ díẹ̀ fún ìwé ìròyìn Daily Mail ní 1928, ọdún tí ìgbéyàwó náà tú ká. Nígbà tí ìtàn ìgbésí ayé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ jáde ní 1977, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 11 yẹn níbẹ̀. Ó fò ó.

Tèmi ni pé obìnrin tí ìyá rẹ̀ kú, tí ọkọ rẹ̀ sì sọ pé òun ń lọ, láàárín oṣù mẹ́rin péré, kò nílò ọ̀ràn apànìyàn kó tó sá kúrò nílé. Àmọ́ ìbànújẹ́ nìkan kì í gbé fíìmù wákàtí kan ààbọ̀ ró. Wọ́n nílò òkú.

Òkú tí wọ́n mú ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 7. Florence Nightingale Shore lorúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn kì í ṣe èèṣì o: Florence Nightingale tí gbogbo nọ́ọ̀sì ayé mọ̀ ni ìyá ìsàmì rẹ̀, ẹbí sì ni wọ́n. Shore náà ṣe nọ́ọ̀sì, ó tọ́jú àwọn sójà nínú ogun South Africa àti nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1920, ó ń lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá etíkun. Mabel Rogers, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, sìn ín dé ibùdó Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bá a wá ìjókòó nínú rélùwéè tó ń lọ sí Hastings. Kí ọkọ̀ tó ṣí, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ búráùn wọlé tọ̀ ọ́.

Rélùwéè kò gba Ọ̀yọ́ kọjá, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ̀ ju ti Ìbàdàn sí Èkó lọ, èyí tí èèyàn lè dìde níwájú kó rìn títí dé ẹ̀yìn. Èyí tí Shore wọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá kéékèèké ni wọ́n pín ọkọ̀ náà sí. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ìjókòó gígùn méjì kọjú síra wọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sí ìta tààrà. Kò sí ọ̀nà láti yàrá kan sí èkejì. Tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ìwọ àti ẹni tó bá wà níbẹ̀ lẹ di ara yín mú nìyẹn títí ẹ ó fi dé ibùdó tó kàn. Ariwo irin ò ní jẹ́ kí ẹni tó wà ní yàrá kejì gbọ́ igbe. Tí ọkọ̀ bá sì dúró, ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi á ṣílẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó, á bọ́ sílẹ̀ bí èrò yòókù, ó di gbéré.

Ní ibùdó Polegate, òṣìṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta wọ inú yàrá náà. Wọ́n bá obìnrin kan tó fẹ̀yìn ti igun, wọ́n rò pé ó sùn ni. Ọkọ̀ ti gbéra kí wọ́n tó ṣàkíyèsí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti lu obìnrin náà lórí, owó rẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ti lọ. Kò lajú mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ẹni ọdún 55. Wọn kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀ títí di òní.

Nọ́ọ̀sì tó wá bá Agatha nínú fíìmù, Mabel Rogers yìí náà ni. Ẹni gidi ni, ọ̀fọ̀ gidi ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìpàdé òun àti Agatha ni wọ́n dá sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, àròsọ ni: ilé ńlá náà, ogún tí wọ́n fi tan àwọn èèyàn wá, àwọn afurasí, ẹni tó jẹ̀bi níkẹyìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti inú ìwé ọlọ́pàá jáde.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí wọ́n lò. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti sọ̀rọ̀, fíìmù náà kò bá a jà: ọkọ fẹ́ fi aya sílẹ̀, aya pòórá, ariwo ta. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti dákẹ́ ni wọ́n gbà wọlé. Àkọsílẹ̀ dákẹ́ lórí ohun tó wà lọ́kàn Agatha nígbà tó jáde nílé. Ó sì dákẹ́ lórí ẹni tó pa Shore. Àlàfo méjì ni, wọ́n wá fi ọ̀kan dí èkejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń jọ òótọ́ létí. Ẹni tó fẹ́ já a nírọ́ kò rí ibi tó máa dì mú.

Ibì kan ṣoṣo wà tí wọ́n ti tẹ àkọsílẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwé àlejò òtẹ́ẹ̀lì fi hàn pé ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ìyẹn ọjọ́ kejì tó kúrò nílé, ni Ìyáàfin Neele ti dé Harrogate. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí i lójoojúmọ́. Kò sí ọjọ́ tó kù nílẹ̀ tí ì bá fi lọ jókòó sílé ẹlòmíràn máa wádìí ikú. Ibi tó wà kò pamọ́ fún wa mọ́. Ìdí tó fi lọ ni kò yé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ já fíìmù náà nírọ́, ibẹ̀ ni kó dì mú.

Kò yẹ kí irú nǹkan báyìí ṣàjèjì sí ará Ọ̀yọ́. Wọ́n ti ṣe é fún wa rí. Ní oṣù Kejìlá 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní wàjà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, Olókùn-Ẹṣin Jìnádù ló yẹ kó bá ọba lọ. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé ní oṣù Kìíní 1945, òyìnbó tó ń ṣàkóso ní kí wọ́n mú un, kó má bàa kú. Múráànà, ọmọ rẹ̀, ló wá kú dípò bàbá. Dùrọ́ Ládìpọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964. Wọlé Ṣóyínká náà fi kọ Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975.

Ẹni tó bá ka ti Ṣóyínká tán, tó wá lọ jókòó ti àwọn àgbà tó mọ ìtàn ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, á rí i pé nǹkan yí padà. Nínú eré, Ọlúndé lorúkọ ọmọ, àrẹ̀mọ ni, ẹ̀kọ́ dókítà ló ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó padà wálé. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé 1946 ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀, pé òun fà á sẹ́yìn díẹ̀ kó lè bọ́ sí àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó: ogun kò tíì parí ní oṣù Kìíní 1945. Ó fà á sẹ́yìn nítorí eré, ó wá fà á sún mọ́ ọjọ́ rẹ̀ gan-an.

Àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ohun tí Ṣóyínká ṣe àti ohun tí fíìmù Agatha ṣe. Ṣóyínká kò pe Jìnádù lórúkọ. Ẹlẹ́ṣin ló pè é, ó fún un láyà tuntun, lẹ́nu tuntun, ó sì sọ fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé òun ti yí nǹkan padà. Ẹni tó bá wá tẹ "Ọlúndé" wò lórí Google, inú eré ló máa bá a. Nínú fíìmù Agatha, orúkọ gidi ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé, fún òkú, fún ọ̀rẹ́ òkú. Orúkọ wọ̀nyẹn ló mú bọ̀dá Owódé.

Kí ló wá dé tó jẹ́ òǹkọ̀wé ni wọ́n máa ń mú ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́? Èrò àwọn èèyàn ni pé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi apànìyàn pamọ́, á mọ bí a ṣe ń wá a jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Òǹkọ̀wé ti mọ ẹni tó pààyàn kó tó kọ ojú ìwé kìíní. Ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀ wá síwájú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ju ẹ̀rí sílẹ̀ síbi tó wù ú, tó sì ń rí i dájú pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Ọlọ́pàá kò ní àǹfààní yẹn. Òkú ló bá nílẹ̀. Ẹ̀rí lè má sí, ẹlẹ́rìí lè purọ́, òjò lè ti rọ̀ sójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn gidi ló sì ń parí bíi ti Shore, láìsí ìparí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Oládẹ̀jọ Òkédìjí, wọ́n bí i ní 1929. Òun ló kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, níbi tí Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ti ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tó ka ìwé yẹn ní Akẹ̀sán ronú pé òun lè gbé ẹjọ́ ewúrẹ́ tó sọnù lọ bá Òkédìjí nílé. Lápàdé ló mọ̀ ọ́n ṣe. Tí ẹnì kan bá wá ṣe fíìmù lọ́la tí Òkédìjí ti ń fi tọ́ọ̀ṣì wá olè ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, àwa á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé eré ni, nítorí a mọ ọ̀gbẹ́ni náà. Àwọn tí a kò mọ̀ ni wọ́n ń rí tàn wá.

Ohun kan wà tí Agatha mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá lọ, ìyẹn májèlé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìpoògùn ọsibítù ní Torquay, ìlú tí wọ́n bí i sí, ó sì yege nínú ìdánwò ìpoògùn ní 1917. Ìwé ìròyìn àwọn apoògùn yin ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé ohun tó kọ nípa májèlé níbẹ̀ tọ̀nà. Tí ẹ bá rí i nínú fíìmù tó ń tọ́ka sí májèlé, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá fi ọ̀pá lé afurasí, ẹ rẹ́rìn-ín.

Àwọn òǹkọ̀wé kan wà tí wọ́n ṣe é lóòótọ́ ṣá. Dashiell Hammett ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Pinkerton ní Amẹ́ríkà kó tó di òǹkọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù tó sọ òun náà di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní 1982, ìtàn inú rẹ̀ jẹ́ àròsọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ àròsọ. Ẹnì kejì ni Conan Doyle, ẹni tó gbé ìbọ̀wọ́ lọ fún aríran, tí mo fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní láti san án padà fún un.

Lọ́yà kan wà tó ń jẹ́ George Edalji. Bàbá rẹ̀ wá láti Íńdíà, ó jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní abúlé Great Wyrley. Ní 1903, wọ́n fẹ̀sùn kan Edalji pé ó ń jáde lóru lọ fi ọ̀bẹ ya ẹṣin àwọn aládùúgbò. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún un. Ó lo ọdún 3, wọ́n tú u sílẹ̀ láìsọ pé ó jàre, kò sì lè ṣe iṣẹ́ lọ́yà mọ́. Ó kọ̀wé sí Doyle. Wọ́n fi àdéhùn sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Charing Cross ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Doyle wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, Edalji ti ń ka ìwé ìròyìn dè é. Doyle dúró, ó wò ó. Ọkùnrin náà gbé ìwé náà sún mọ́ ojú pẹ́kípẹ́kí, ó sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ni Doyle kó tó di òǹkọ̀wé, ó sì ti kọ́ nípa ojú. Lórí ìdúró yẹn ló ti mọ̀: ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dé òpin apá rẹ̀ kò lè sọdá pápá àti ojú irin lóru dúdú kó lọ bá ẹṣin kó sì bọ́.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn Daily Telegraph ní oṣù Kìíní 1907. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìjọba dárí ji Edalji lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin, wọn kò fún un ní kọ́bọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀ fún ẹjọ́ ọ̀daràn ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Edalji sì wà lára ohun tó fà á. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ilé ńlá níbẹ̀, kò sí pé wọ́n kó afurasí jọ sí pálọ̀. Ojú tó ń wo ìwé ìròyìn ni gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ́tà, lẹ́tà, lẹ́tà. Ẹni tó dá àwọn ẹṣin náà lóró, wọn kò mú un.

Ṣé òfin gbà wọ́n láyè láti máa fi òkú ṣeré báyìí? Wọ́n ti bi ilé ẹjọ́ rí. Ṣáájú fíìmù 2018, fíìmù mìíràn ti wà lórí ọjọ́ 11 kan náà, Agatha lorúkọ rẹ̀, ó jáde ní 1979, Vanessa Redgrave ló ṣe obìnrin náà. Rosalind, ọmọ Agatha, ẹni ọdún 7 ọjọ́sí, ti dàgbà, ìyá rẹ̀ ti kú. Òun àti àwọn tó ń ṣàkóso ohun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní New York ní 1978, wọ́n ní kí wọ́n dá fíìmù náà dúró. Adájọ́ kò dá a dúró. Ohun tó sọ, tí a bá gé e kúrú, ni pé bó bá hàn sí ará ìlú pé àròsọ ni, òfin òmìnira ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáàbò bò ó. Ní ti ìbanilórúkọjẹ́, òfin Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí tiwa ní Nàìjíríà ti ṣẹ̀, kò gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tó ti kú. Òkú ò mọ iye à ń ra àgọ̀.

Kò burú fún Agatha. Akíkanjú ni fíìmù sọ ọ́ dà. Ti nọ́ọ̀sì náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Obìnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wẹ egbò fún sójà, wọ́n wá fún un ní apànìyàn tí kì í ṣe apànìyàn rẹ̀, ẹni tó bá sì wo fíìmù náà tán á sùn lórí pé wọ́n ti yanjú ọ̀ràn. Wọn ò yanjú rẹ̀. Ì bá dára kí wọ́n fún un lórúkọ mìíràn, bí Ṣóyínká ṣe ṣe fún Jìnádù, kò sì ní dín adùn fíìmù náà kù.

Nítorí náà, tí irú fíìmù yìí bá tún dé ọwọ́ yín, kì í ṣe "ta ni?" ni kí ẹ bi Google. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ló lè jẹ́ ẹni gidi. "Kí ló ṣe lọ́jọ́ náà?" ni kí ẹ bi í, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú. Tí ẹ bá sì rí èèyàn méjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ bi ara yín pé ta ló gbọ́ ọ.

Fíìmù Agatha méjì míì ti tẹ̀ lé ti 2018, ẹ lè fi wọ́n dánra wò. Ìkejì, tó jáde ní 2019, gbé e lọ sí Ìráàkì, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń wú àwókù ìlú àtijọ́, tó sì ti bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Max Mallowan pàdé. Òótọ́ nìyẹn: ibi ìwúlẹ̀ Ur ni wọ́n ti pàdé ní 1930, wọ́n sì ṣègbéyàwó lọ́dún náà. Ìpànìyàn tí wọ́n ń wádìí níbẹ̀ ni kò sí. Ìkẹta, 2020, gbé e sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń já, ó fẹ́ ta ìwé kan tí kò tíì tẹ̀ jáde, èyí tí Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀, ti kú. Ìwé yẹn wà. Ó kọ ọ́ nígbà ogun, ó tì í pa, wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1975. Àwọn òkú tó ń ṣubú nínú òtẹ́ẹ̀lì lóru tó fẹ́ tà á, ti fíìmù nìyẹn.